Ọ̀kẹ́ Kan: Òǹkà 20,000 ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì tí a fi orúkọ Tai Solarin pè ní Ìjagun, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni yóò máa kọ́ ọmọdé ní òǹkà lọ́jọ́ iwájú. Ohun tí wọn yóò bá nínú ìwé jù lọ ni pé ogún ni ìpìlẹ̀ òǹkà Yorùbá. Gbólóhùn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò pé, 20,000 ni ó sì tú àṣírí rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ogún nìkan ni ìpìlẹ̀, ìpele tuntun ìbá máa bẹ̀rẹ̀ ní 400, ní 8,000 àti ní 160,000. Lóòótọ́, irinwó ní orúkọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbàárin ni 8,000, ẹgbàá lọ́nà mẹ́rin. Ọ̀kẹ́ mẹ́jọ ni 160,000. Òpó tí òǹkà ńlá fẹ̀yìn tì ni ogún, igba, ẹgbàá àti ọ̀kẹ́, ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí ó ṣáájú sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀wá ni ó ń gbé ogún gòkè.

Ọjà ni a ti lè rí ìdí rẹ̀. Ní 1887, Adolphus Mann, míṣọ́nnárì CMS, ṣàpèjúwe ẹni tí ń ka owó ẹyọ: a mú un ní márùn-ún márùn-ún nígbà ogún kí ó tó pé ọgọ́rùn-ún, a sì gbá òkìtì méjì pọ̀ di igba. Igba ni ọwọ́ akawó dúró sí, kì í ṣe irinwó. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, mẹ́nu ba bí owó náà ṣe ń lọ sókè: ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́. Àpò ni ọ̀kẹ́. Fún àwọn Ìjẹ̀bú, tí wọ́n di ọ̀nà ọ̀sà sí òkè mú títí ogun Ìmàgbọn fi dé ní 1892, ẹrù orí ni 20,000 kó tó di ìṣirò. Èyí kò sọ pé owó ẹyọ ni ó dá òǹkà sílẹ̀. Ó kàn mú kí àwọn òpó kan le ju òmíràn lọ ni.

Ọ̀kẹ́ rọrùn láti pín. Bí a bá tú 20,000 palẹ̀, 2 lẹ́ẹ̀marùn-ún àti 5 lẹ́ẹ̀mẹrin ni a ó bá nínú rẹ̀, kò sí òmíràn. Ọgbọ̀n nọ́ńbà ni ó lè pín in láìṣẹ́kù. Ènìyàn mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lè pín in láìjà. Mẹ́rìndínlógún, iye ikin Ifá, yóò gba 1,250 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, méjì a ṣẹ́ kù. Bí ó bá jẹ́ méje, ẹyọ kan.

Lónìí, ẹni tí ń na náírà a sọ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Ẹgbẹ̀rún, tí í ṣe igba márùn-ún, ti gba ipò òpó lọ́wọ́ ọ̀kẹ́, nítorí ọ̀nà tí òǹkà Gẹ̀ẹ́sì ń gbà gòkè nìyẹn. Mílíọ̀nù náà ti wọlé, bẹ́ẹ̀ àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni, ọgọ́ta tí a yọ ẹ̀wá kúrò nínú rẹ̀ kí a tó fi sọ 20,000 di púpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá sọ fún pé ogún nìkan ni ìpìlẹ̀ yóò wá òpó ní 8,000, kò ní í bá a. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ to okùn, ẹgbàá àti ọ̀kẹ́ sílẹ̀ ni yóò mọ ìdí tí ẹgbàárin fi ń jẹ́ ẹgbàárin.