Nígbà Tí Àlejò Di Ayálégbé ní Kàbà

Ní oṣù kìíní ọdún 1897, ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company gbéra láti Lọ́kọ́ja, wọ́n doríkọ Kàbà. Àwọn ọmọ ogun Núpé tó ti pàgọ́ sí ìtòsí ìlú náà gbọ́. Wọn kò dúró jà, wọ́n sá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Bídà, olú-ìlú àwọn Núpé, fi ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Òkun, àwọn Yorùbá tí Kàbà wà lára wọn, bí ohun tí wọ́n béèrè kò bá sì pé, ọmọ ènìyàn ni wọ́n fi ń dí i. Ará Kàbà ti rí ohun tí àlejò tí kò tọrọ àyè lè fojú ẹni rí, kó tó di pé ẹnikẹ́ni ronú láti gba owó lọ́wọ́ àlejò tó tọrọ.

Láyé ìgbà náà, kò sí ohun tó ń jẹ́ owó ilé. Agbo-ilé ni ilé, ìdílé ló ni ín, baálé ló ń pín yàrá. Ẹni tó bá ti Ìjùmú tàbí Bùnú wá ṣòwò yóò kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò mú un wọlé. Ẹni náà ni yóò máa dúró fún un bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀ níwájú àwọn olóyè, títí dé ọ̀dọ̀ Ọbàró, Ọbadọ̀fin àti Ọbajẹmu. Àlejò yóò mú obì wá, yóò bá wọn ṣiṣẹ́ oko nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, yóò sì mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Bí wọ́n bá fún un nílẹ̀ dáko, iṣu àti ọkà ló lè gbìn. Igi obì àti igi ọ̀pẹ kì í ṣe tirẹ̀, nítorí ẹni tó bá gbin igi ti ń múra láti dúró títí láé.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló mú irú àlejò mìíràn wá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, Lugard, aṣojú ìjọba náà, gbé àsíá sókè ní Lọ́kọ́ja, kò sì pẹ́ tí Kàbà fi di orúkọ odindi agbègbè ìjọba kan, èyí tí wọ́n ń pè ní Kabba Province. Akọ̀wé, ọlọ́pàá, ògbufọ̀, tíṣà ilé-ìwé ìjọ, oníṣòwò Haúsá, oníṣòwò Íbò, gbogbo wọn kò ní ìdílé ní Kàbà, wọn kò sì ráàyè bá ẹnikẹ́ni kọ ebè. Owó ni wọ́n ní, ti àwọn akọ̀wé sì ń wọlé lóṣooṣù. Òfin ilẹ̀ tí ìjọba ṣe fún Àríwá ní 1910, tí wọ́n sì tún ṣe ní 1916, fi ilẹ̀ sábẹ́ àkóso gómìnà, ẹni tí kì í ṣe ọmọ Àríwá kò sì lè ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ láìgba àṣẹ. Kí ló wá kù tí irú àlejò bẹ́ẹ̀ lè fi owó gbà? Yàrá ni.

Kọfí àti kòkó wà lára ohun tó kọ́ àwọn yàrá náà. Ilẹ̀ Òkun gbajúmọ̀ fún kọfí, àgbẹ̀ tó bá sì tajà dáadáa lọ́dún kan, páànù ló ń lọ rà. Ilé tó ń kọ́ kò jọ agbo-ilé mọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá wà lọ́tùn-ún, yàrá wà lósì, ilẹ̀kùn dojú kọ ilẹ̀kùn. Ojúkojú ni wọ́n ń pè é. Bàbá onílé gba yàrá méjì tó wà níwájú, ó fi ìyókù háyà. Ilé ìdáná kan, balùwẹ̀ kan àti ṣáláńgá kan wà lẹ́yìn fún gbogbo èrò.

Inú ilé ojúkojú yìí gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Onílé kò tíì bọ́ aṣọ baálé kúrò lọ́rùn nígbà tó gbé ti oníṣòwò wọ̀ lé e. Lálẹ́, òun ni yóò pẹ̀tù sí ìjà àwọn ìyàwó ayálégbé méjì tí wọ́n ń jà nítorí àáro. Bí ilẹ̀ bá mọ́, òun náà ni yóò lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀kan nínú wọn láti béèrè owó oṣù méjì tó ti ń jẹ. Báwo ni ẹni tó ń pè ọ́ ní bàbá, tó ń kúnlẹ̀ kí ọ láràárọ̀, ṣe máa di ajigbèsè rẹ? Ọ̀pọ̀ onílé kò lè bínú. Àwọn mìíràn wá bínú kọjá ààlà. Kò sí ìwé láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni àdéhùn, ọwọ́ sí ọwọ́ ni owó, ẹ̀rí ọ̀rọ̀ sì wà lórí ẹni tó bá rántí.

Èkó ni òfin ti wá. Ogun àgbáyé kejì kó èrò kún Èkó, ilé wọ́n, àwọn onílé ń fi owó kún owó. Ní 1945 ni ìjọba ṣe òfin gbígba ilé padà, tó sọ bí onílé ṣe gbọdọ̀ gba ilé lọ́wọ́ ayálégbé. Nígbà tí wọ́n ń to òfin Àríwá jọ ní 1963, ó wà níbẹ̀, Kàbà sì wà lábẹ́ Àríwá. Bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ayálégbé tó ń san owó lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹ kó gba ìwé ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan, ẹni tó ń san lọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà. Bí ọjọ́ yẹn bá pé tí kò jáde, onílé yóò tún fún un ní ìwé ọjọ́ méje pé òun ń lọ sí kóòtù. Adájọ́ nìkan ló lè lé e jáde.

Òfin yìí ni ọ̀pọ̀ onílé kò lè gbé mì, títí di òní. Ilé tí èmi fi òógùn kọ́, ṣé adájọ́ ni yóò fún mi ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀? Nítorí náà, àwọn kan ń yọ ilẹ̀kùn, àwọn kan ń ṣí páànù lásìkò òjò, kí ayálégbé lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ kò gba èyí. Ní 1997, nínú ẹjọ́ Ihenacho àti Uzochukwu, wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé onílé kò gbọdọ̀ fi agbára ara rẹ̀ lé ènìyàn jáde, bó ti wù kí ayálégbé náà burú tó. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ kan náà sọ ọ̀rọ̀ tó tu onílé nínú. Nínú ẹjọ́ kan tó ti Èkó wá, wọ́n ní ayálégbé tó jẹ owó ilé kò lè fi àṣìṣe inú ìwé ìkìlọ̀ bojú kó sì máa gbé ilé onílé lọ láìní òpin. Ìdájọ́ méjèèjì tọ́. Ẹni tí wọ́n ṣí òrùlé lé lórí nínú òjò kò ní gbàgbé, opó tó ń fi owó yàrá mẹ́ta jẹun, tí ẹjọ́ rẹ̀ sì wà ní kóòtù lọ́dún kẹrin, òun náà kò ní gbàgbé.

Ní àwọn ọdún 1960, akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello ti Zaria kó ọ̀dọ́ láti ibi gbogbo ní Àríwá wá sí Kàbà. Ọ̀nà ìsanwó yí padà, nítorí owó ọdún kan ni òbí máa ń kó jọ. Onílé fẹ́ràn rẹ̀. Owó ńlá wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó ilé-ìwé ọmọ tiẹ̀ sì ń dúró dè é. Nígbà tí òjò ọdún kejì bá ya páànù, kò sí kọ́bọ̀ nílẹ̀ mọ́. Àwọn tó gbọ́n láàárín àwọn onílé, àwọn obìnrin oníṣòwò pàápàá, ló ń yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ sínú àjọ fún àtúnṣe.

Ìpínlẹ̀ ń yí padà lórí àwọn ará Kàbà: Kwárà ní 1967, Kogí ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991. Ti 1991 ló mú ìyípadà wá jù. Lọ́kọ́ja di olú-ìlú lójijì, kò sì sí ilé tó fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bọ̀ láti Ìlọrin àti láti apá Benue. Ọ̀pọ̀ ọmọ Kàbà kó lọ síbẹ̀, àwọn mìíràn ti wà ní Èkó àti Àbújá tipẹ́. Ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n tó di kiatéka. Àbúrò kì í ka owó fún ẹ̀gbọ́n níwájú ẹlẹ́rìí, ẹ̀gbọ́n kì í sì í béèrè ìwé lọ́wọ́ àbúrò láìdi ẹlẹ́mìí-èṣù lójú ẹbí. Bí bàbá tó kọ́lé bá wá kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé di ti gbogbo ọmọ, ayálégbé á bá ara rẹ̀ láàárín onílé márùn-ún, tí oníkálukú ń sọ pé òun ni kó san owó fún.

Lẹ́yìn náà ni iná. Ní 1972 ni NEPA, ilé-iṣẹ́ iná ti ìjọba, bẹ̀rẹ̀, ní 2013 ni wọ́n ta pípín iná fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni, ti Àbújá sì gba Kogí. Mítà kan fún yàrá mẹ́jọ ni ó ń dá ìjà sílẹ̀ lóṣooṣù. Ayálégbé tó ní fíríìjì àti ẹni tó ní gílóòbù kan ṣoṣo, ṣé iye kan náà ni kí wọ́n san? Ayálégbé a máa kó jáde lóru, gbèsè iná a sì kù sórí ilé, àwọn oníná yóò wá gé wáyà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tí kò jẹ ẹnikẹ́ni. Mítà tí ènìyàn ń sanwó sí kó tó lò ó ti gba ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́ ìyà yìí.

Gbèsè tó wọ́pọ̀ jù ní Kàbà kò ti ọwọ́ ìwà wá. Ìlú òṣìṣẹ́ ìjọba àti tíṣà ni, tí owó oṣù wọn bá sì dúró, owó ilé dúró. Wọ́n rí i ní 1983, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ jẹ tíṣà lówó oṣù kí àwọn sójà tó padà gba ìjọba. Wọ́n tún rí i láti 2016, nígbà tí ìjọba Kogí ń ṣe àyẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ sì lo oṣù lórí oṣù láìgba owó, tí àwọn mìíràn ń gba ìdajì. Kí ni onílé fẹ́ ṣe? Bó bá lé tíṣà jáde, tíṣà mìíràn tí òun náà kò gbowó ni yóò wọlé. Àwọn tó la àkókò náà já jókòó pẹ̀lú ayálégbé wọn níwájú ẹni kẹta, pásítọ̀ tàbí alfa tàbí àgbà àdúgbò, wọ́n kọ iye tó kù sílẹ̀, wọ́n pín in sí kéékèèké, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Ọgbọ́n àtijọ́ ni ẹni kẹta yẹn. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ni tuntun.

Iṣẹ́ ṣì ń fa àlejò wá. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Obajana, ní ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀, tí wọ́n ṣí ní 2007, fa òṣìṣẹ́ àti awakọ̀ ọkọ̀ ńlá wá sójú ọ̀nà Kàbà. Ní 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ dá yunifásítì sílẹ̀ ní Kàbà, ìròyìn rẹ̀ nìkan sì tó láti mú kí ẹni tó ní pápá létí ìlú ronú kan bíríkì. Ẹ̀rù náà sì wà. Ní òru ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàbà, ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní igba sì jáde. Onílé tó bá fi yàrá fún ẹni tí kò mọ̀ rí, láìbéèrè fọ́tò, ìwé ìdánimọ̀ àti ẹni tí yóò ṣe onídùúró, ń fi gbogbo èrò inú ilé náà wewu.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá wo yàrá lónìí, ìyá onílé á mú un yí balùwẹ̀ àti omi wò, á sọ iye owó, á ní kó kọ orúkọ àti nọ́ńbà òbí rẹ̀ sínú ìwé ńlá tó ń fi ṣe ìṣirò. Kó tó na kọ́kọ́rọ́ sí i, á béèrè pé, “Ọmọ mi, ta lo mọ̀ ní Kàbà?”