Àfàlà, Ìyá Àjàyí: Ìtàn Kan fún Abiyamọ Tó Ti Rẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú dáńfó, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọ abọ́, tẹ́ ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, ẹ kú iṣẹ́ ilé. Ẹ rọra, kí omi má ta sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, abiyamọ kan nínú yín fi voice note ránṣẹ́ sí mi. Mò ń gbọ́ igbe ọmọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní ọdọọdún tí wọ́n bá ti ń ṣe Ọjọ́ Àwọn Ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì òun, obìnrin oníwà rere inú ìwé Òwe ni wọ́n máa ń wàásù nípa rẹ̀, ẹni tó ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, tó ń ṣòwò, tó ń tọ́jú ilé, tí kì í sì í rẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí ìyá kankan nínú ìtàn tó rẹ̀ rí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ìtàn tí mo rí, ẹ ti mọ ìdajì rẹ̀ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ẹ mọ̀ pé wọ́n kó o lẹ́rú, ó di bíṣọ́ọ̀bù, ó sì ṣíwájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Àmọ́ kí ni orúkọ ìyá rẹ̀?

Àfàlà ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ní Òṣoògùn

Ọdún 1821 ni. Òṣoògùn wà lápá Ìsẹ́yìn, nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ òde òní. Ìjọba Ọ̀yọ́ àtijọ́ ti ń tú ká, ogun sì ń jà kiri. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn jagunjagun ya wọ ìlú. Ọkọ Àfàlà sáré wọlé, ó ní kí wọ́n tètè sá, ó sì padà sójú ìjà. Ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n fojú kàn án nìyẹn.

Ẹ fojú inú wò ó ná. Obìnrin kan rèé, pẹ̀lú ọmọkùnrin tó tó ọmọ ọdún méjìlá àti ọmọbìnrin méjì, tí èyí tó kéré jù kò tíì pé ọdún kan. Wọ́n fẹ́ sá wọ igbó, ọwọ́ tẹ̀ wọ́n. Wọ́n ju okùn sí wọn lọ́rùn, wọ́n sì so wọ́n pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn so ewúrẹ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín wọn. Àjàyí bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan, Àfàlà àti ọmọ ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Fún ìgbà díẹ̀, ìyá àti ọmọ ṣì ń rí ara wọn nílùú kan tí wọ́n ń pè ní Dàdá. Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú Àjàyí lọ, kò sì ráyè dágbére fún ìyá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ gbogbo èyí nínú lẹ́tà tó kọ lọ́dún 1837.

Wọ́n tà á láti ọjà dé ọjà títí ó fi dé Èkó, àwọn Pọtogí sì kó òun àtàwọn míì sínú ọkọ̀. Ní oṣù April 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ ẹrú náà, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ni Àjàyí ti kàwé, ibẹ̀ ló ti ṣèrìbọmi lọ́dún 1825, tó sì di Samuel Crowther.

Ibí yìí ni ìwé ìtàn ti máa ń tẹ̀ lé ọmọ lọ. Èmi fẹ́ ká dúró ti ìyá.

Ọdún 25 láìgbọ́ ohùn

Àfàlà kò mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn kò dé òdìkejì òkun. Kò mọ̀ pé ọmọ òun ń kàwé, pé ó ti gbéyàwó, pé ó ti bímọ. Kò sí lẹ́tà, kò sí ìpè. Wọ́n rà á padà kúrò lóko ẹrú. Wọ́n tún jí i gbé, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ló sì wá owó tí wọ́n fi gbà á sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń gbé ní Abàká, tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀, torí ibí yìí la ti máa ń ṣi ìtàn yìí lò. A máa ń sọ fún àwọn ìyá pé, "Ṣáà máa gbàdúrà, wo ìyá Àjàyí, ọmọ rẹ̀ padà wá." Àmọ́ ní gbogbo ọdún 25 yẹn, Àfàlà kì í ṣe Kristẹni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyá ló sunkún bíi tirẹ̀ lásìkò kan náà, tí ọmọ wọn kò padà láéláé. Àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn ṣì wà ní Bahia àti ní Cuba dòní, tí wọ́n ń fi Yorùbá kọrin. Ṣé àwọn ìyá yẹn kò mọ ẹkún sun ni? Mi ò lè fi ìtàn Àfàlà ṣe ìlérí fún abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ kò tíì padà. Ìṣírí tí mo rí níbẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn.

Ọjọ́ 21, oṣù August, 1846

Wọ́n fi Crowther joyè àlùfáà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1843. Ó dé Badagry lọ́dún 1845, ó sì wọ Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù August 1846. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí Àfàlà àti arákùnrin Crowther kan wá a wá.

Crowther kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá rẹ̀ ń gbọ̀n. Ojú rẹ̀ rí i, ọkàn rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè sọ̀rọ̀. Omijé ń dà lójú ìyá tó ti rù. Nígbà tí ohùn wá, orúkọ tí ìyá àgbà fi máa ń pe ọmọ náà ní kékeré ni Àfàlà fi pè é. Ìyá àgbà yẹn ti kú sóko ẹrú. Nínú ìdílé kan ṣoṣo yìí, ẹni tó padà wà, ẹni tí kò padà sì wà.

Ohun kan tún wà tí mi ò fẹ́ ká fò. Ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther kọ ti jáde lọ́dún 1843, ọdún mẹ́ta kó tó rí ìyá rẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ Yorùbá mìíràn pọ̀ ní Freetown tó ń bá sọ̀rọ̀. Àmọ́ ìpìlẹ̀ èdè yẹn, ilé Àfàlà ló ti gbà á. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ rò pé ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń bá ọmọ sọ ń bọ́ sílẹ̀ lásán, ọmọ ọdún méjìlá kan gbé èdè ìyá rẹ̀ gba inú ọkọ̀ ẹrú kọjá, ó sì di ìwé.

Hannah kò wáyé lọ́jọ́ kan

Ẹ lè rò pé bí Àfàlà ṣe rí ọmọ rẹ̀ báyìí, ọjọ́ kejì ló gba ìgbàgbọ́. Rárá o. Ọjọ́ karùn-ún oṣù February 1848 ni ó ṣèrìbọmi, ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó ṣe é ní Abẹ́òkúta. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó fẹ́ẹ̀ tó ọdún kan àtààbọ̀. Hannah ni orúkọ tó gbà, bíi ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.

Nínú ọdún kan àtààbọ̀ yẹn, ìyá àgbàlagbà kan ń jókòó kí ọmọ tó bí máa kọ́ òun. Gbogbo wa mọ̀ pé èyí kì í rọrùn nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó tọ́ ọ, tó mọ ìgbà tó o ń tọ̀ sára, ló wá di akẹ́kọ̀ọ́ rẹ. Lóòótọ́, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, àmọ́ ẹ wo iye àgbà tó máa ń gbà kí ọmọdé gbọ́n lójú òun.

Àfàlà gbà. Ọdún 1883 ló kú, ní Èkó. Ìyẹn ni pé ó lo ọdún 35 gẹ́gẹ́ bíi Kristẹni, ó ju ọdún 25 tó fi wá ọmọ lọ. Ẹni tó bá rí obìnrin tó ti rù yẹn ní 1846 lè rò pé ìtàn rẹ̀ ti ń parí lọ. Ó ṣì ku ọdún 37. Ó rí ọmọ rẹ̀ tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ọdún yẹn náà ni wọ́n bí Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Crowther, sí Èkó.

Ní ìlú kan náà, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká ṣì wà ní Abẹ́òkúta, ká sún ọdún síwájú dé 1944. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ìyàwó àlùfáà, ní ẹgbẹ́ kan tó jẹ́ pé àwọn obìnrin Kristẹni tó kàwé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó kéré jù, Bẹ́kọ̀, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Lọ́dún náà, ó pàdé obìnrin ọlọ́jà kan tó fẹ́ mọ̀wé kà. Fúnmiláyọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọlọ́jà.

Ibi ẹ̀kọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Àwọn ọlọ́jà sọ bí wọ́n ṣe ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn. Wọ́n sọ nípa owó orí. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, ọlọ́jà àti akọ̀wé pọ̀ nínú rẹ̀. Ní 1947, wọ́n jáde ìwọ́de sí ààfin. Ní January 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò lórí ìtẹ́.

Ẹ ò rí i pé obìnrin kan tó sọ pé òun fẹ́ kàwé wà lára ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Fúnmiláyọ̀ tó ń kọ́ wọn náà sì kẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí kò hàn sí àwọn obìnrin tó kàwé, ẹnu ọlọ́jà ló ti gbọ́ ọ.

Ìwọ tó o fi voice note ránṣẹ́

Màmá kékeré, ìdáhùn mi rèé. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá tó rẹ̀ wà nínú ìtàn. Wọ́n mú un, wọ́n tà á, ó sunkún, ó rù. Mi ò ní sọ fún ẹ pé kó o jí ní aago mẹ́rin òru lọ́la kó o lè dà bí ẹnikẹ́ni. Bó bá rẹ̀ ẹ́, sùn. Jẹ́ kí ẹlòmíràn bá ẹ gbé ọmọ. Àwọn ọmọbìnrin Àfàlà ló wá owó tí wọ́n fi gbà á, kò fọwọ́ ara rẹ̀ nìkan yọ ara rẹ̀.

Tó o bá ti sinmi, mú ohun kan ṣoṣo tó o fẹ́ mọ̀. Ó lè jẹ́ kíka Bíbélì Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn, ó lè jẹ́ ìṣirò owó ọjà rẹ. Má bẹ̀rù pé ó ń pẹ́. Má sì tijú bó bá jẹ́ pé ọmọdé ni yóò kọ́ ẹ.

Ẹ̀yin tó kù tí ẹ kì í ṣe ìyá, iṣẹ́ tiyín náà wà ńlẹ̀. Nígbà mìíràn tí màmá yín bá ní kẹ́ ẹ fi bí wọ́n ṣe ń fi fọ́tò ránṣẹ́ han àwọn, ẹ má já fóònù gbà kẹ́ ẹ ṣe é fún wọn kíákíá. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ọwọ́ tiwọn ló tẹ̀ ẹ́. Kẹ́ ẹ sì bi wọ́n lorúkọ ìyá ìyá wọn, kẹ́ ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, a máa ka díẹ̀ nínú àwọn orúkọ náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.