Bí Owó Ilé Bá Ju Ohun Tí A Ṣírò Lọ, Ta Ni Yóò San Án?

Ẹni tó bá ti gbé pẹ̀lú ẹni tó ń kọ́lé rí mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bíríkìlà á ní iye báyìí ni iṣẹ́ yóò gbà. Kí ilé tó dé ìdajì, owó ti tán. Ta ni kó wá san èyí tó kù? Ìbéèrè yìí ti wà tipẹ́.

Vitruvius, ará Róòmù tó kọ ìwé lórí ilé kíkọ́ láyé Ọba Augustus, sọ nípa òfin àtijọ́ kan ní Éfésù, ìlú àwọn Gíríìkì tí àwókù rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Tọ́kì lónìí. Ayàwòrán ilé tó bá gba iṣẹ́ ìlú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ iye tí yóò ná wọn. Wọn á fi dúkìá rẹ̀ dógò títí iṣẹ́ yóò fi parí. Bí owó bá ṣe déédéé, ìlú á yẹ́ ẹ sí. Bí ó bá lé, tí èyí tó lé kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, àpò ìlú ni yóò san án. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú dúkìá rẹ̀ ni wọn yóò ti mú un. Vitruvius fẹ́ kí Róòmù náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn ló wù wá jù. Òfin náà fi àyè sílẹ̀ fún àṣìṣe, kò fi àyè sílẹ̀ fún irọ́.

Ṣùgbọ́n ṣé ayàwòrán nìkan ló máa ń jẹ̀bi? Ẹ jẹ́ ká fi òfin yìí wo ilé kan tí gbogbo ayé mọ̀, Sydney Opera House ní Ọsirélíà. Lọ́dún 1957, Jørn Utzon, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì, gbégbá orókè nínú ìdíje àwòrán ilé náà. Àwòrán rẹ̀ kò tíì kún. Síbẹ̀, wọ́n ṣírò owó rẹ̀ sí mílíọ̀nù 7 dọ́là, wọ́n sì ní yóò parí ní 1963. Ìjọba Joe Cahill ń kánjú kí ọkàn aráàlú tó yí padà, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 1959. Nígbà náà, kò sí ẹni tó mọ bí wọn yóò ṣe kọ́ òrùlé tó dà bí ìkarahun yẹn. Ọdún 1961 ni ojútùú tó jáde. Wọ́n sì ti gbé àwọn òpó tí kò lè ru òrùlé náà dúró, àfi kí wọ́n tún wọn ṣe.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ní Sydney, wọ́n díye lé ìtẹ́ kí wọ́n tó rí eku.

Utzon fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1966 lẹ́yìn ìjà pẹ̀lú ìjọba tuntun. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé náà ní 1973, owó rẹ̀ ti di mílíọ̀nù 102 dọ́là, ó lé ní ìlọ́po 14. Owó lọ́tìrì tí aráàlú ń ta ni wọ́n fi san èyí tó pọ̀ jù. Utzon kú lọ́dún 2008 láì padà lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ká ní òfin Éfésù ni, Utzon ì bá pàdánù gbogbo ohun tó ní, àwọn tó lé e níré ì bá sì lọ sùn wọ̀ọ̀. Bí a bá máa yá òfin yẹn lò, ẹ jẹ́ ká fi ẹsẹ kan kún un: ẹni tó bá ní kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí àwòrán tó parí, kí òun náà fi dúkìá rẹ̀ dógò.