Abúlé erékùṣù Java: Bí wọ́n ṣe ń pín ilẹ̀ tí kò kárí

Java jẹ́ ọ̀kan lára àwọn erékùṣù tó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè Indonéṣíà. Bí wọ́n bá pín ilẹ̀ Nàìjíríà sí ọ̀nà méje, ìpín kan ṣoṣo níbẹ̀ ni gbogbo fífẹ̀ Java. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba wọn ka èèyàn lọ́dún 2020, àwọn tí wọ́n bá lórí erékùṣù náà lé ní mílíọ̀nù 151. Ẹ̀yin òǹkàwé wa yóò ti rí i pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré níbẹ̀, pàápàá ní àwọn abúlé tó jẹ́ pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun.

Láti òkèèrè, abúlé ibẹ̀ dà bí igbó kékeré láàárín àkùrọ̀. Igi àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọparun àti máńgòrò ló yí àwọn ilé ká, oko ìrẹsì ló sì yí àwọn igi náà ká. Desa ni wọ́n ń pe abúlé lódidi, dusun sì ni àwọn abà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ dusun ni ẹgbẹ́ aládùúgbò wà, èyí tí wọ́n ń pè ní RT, ìyẹn ìdílé mélòó kan tó ní alága tirẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Japan ló gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ wá nígbà tí wọ́n gba Java láàárín ọdún 1942 sí 1945, kí ojú wọn lè tó gbogbo ilé. Wọ́n lọ, ètò náà kò lọ.

Àwọn ará abúlé ló ń dìbò yan olórí wọn. Òfin ọdún 2014 fún un ní sáà ọdún mẹ́fà, òfin ọdún 2024 sì sọ ọ́ di mẹ́jọ. Láti ọdún 2015 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń fi owó ránṣẹ́ sí àwọn abúlé, kò sì yà wá lẹ́nu pé ipò náà di ohun tí ọ̀pọ̀ ń dù. Àmọ́ ilẹ̀ ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ olórí àti àwọn ìjòyè rẹ̀ látijọ́: abúlé á yọ oko ìrẹsì sọ́tọ̀ fún wọn, bengkok ni orúkọ rẹ̀, wọ́n á máa jẹ èrè rẹ̀ títí wọn yóò fi kúrò nípò.

Lára àwọn ìjòyè náà ni ulu-ulu, ẹni tó ń pín omi. Iṣẹ́ rẹ̀ ṣòro ju bó ṣe dún létí lọ. Láti oko kan ni omi ti ń ṣàn sínú èkejì, bí ẹni tó wà lókè bá sé e mọ́lẹ̀, irúgbìn ẹni tó wà nísàlẹ̀ á gbẹ. Bí àwọn aládùúgbò kò bá sì gbìn lásìkò kan náà, eku àti kòkòrò á máa ti oko dé oko jẹun. Irú ìjòyè bẹ́ẹ̀ ni bàbá Suharto, ààrẹ tó ṣèjọba Indonéṣíà títí di ọdún 1998. Abúlé Kemusuk, nítòsí Yogyakarta, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1921.

Níbi tí omi bá ti tó, ìgbà méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ń gbin ìrẹsì lọ́dún. Obìnrin ló sábà máa ń lọ́ ọ. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, wọ́n á máa fẹ̀yìn rìn bí wọ́n ṣe ń gbìn ín. Obìnrin náà ló ń kórè látijọ́, ọ̀rọ̀ ìkórè yìí sì gba àlàyé. Ọ̀bẹ kékeré kan tí àtẹ́lẹwọ́ lè bò mọ́lẹ̀, ani-ani, ni wọ́n fi ń gé ṣírí ìrẹsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rù má baà ba Dewi Sri, òrìṣà obìnrin tó ni ìrẹsì. Ẹni tó bá bá wọn kórè ló máa gba ìpín nínú ohun tó kó, bawon ni wọ́n ń pe ìpín náà. Àṣà kò fẹ́ kí onílẹ̀ lé ẹnikẹ́ni padà. Obìnrin tí kò ní ebè kan láyé rẹ̀ mọ̀ pé bí ìrẹsì bá ti pọ́n, òun náà á gbé nǹkan lọ sílé.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni irúgbìn tuntun tí wọ́n ṣe ní ilé ìwádìí ìrẹsì ní orílẹ̀-èdè Philippines dé. Ó kúrú, ó tètè ń gbó, dòjé ló sì rọrùn láti fi gé e. Àwọn onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìrẹsì wọn fún oníṣòwò nígbà tó ṣì wà lórí ìdúró, òwò tí wọ́n ń pè ní tebasan. Oníṣòwò á kó òṣìṣẹ́ díẹ̀ tirẹ̀ wá. Àjọgbé kò pa òun àti àwọn obìnrin abúlé pọ̀, nítorí náà ojú kò tì í láti sọ pé kí wọ́n máa lọ sílé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ẹ̀rọ tó ń bó èèpo ìrẹsì tún gba iṣẹ́ lọ́wọ́ odó, obìnrin náà ló sì ń fi odó jẹun.

Lọ́dún 1984, Indonéṣíà kéde pé ìrẹsì òun ti tó òun jẹ, àjọ FAO sì yẹ́ Suharto sí lọ́dún 1985. Àṣeyọrí gidi ni, a kò ní fi ojú kéré e. Ṣùgbọ́n ìrẹsì pọ̀ nínú àká, ọwọ́ tó ń pín in kò pọ̀ mọ́.

Oko ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Java kò tó ìdajì héktà. Ẹni tí kò ní rárá lè dáko onílẹ̀ kí wọ́n pín in sí méjì ọgbọọgba, maro nìyẹn, tàbí kó máa ṣe alágbàṣe. Ìnira yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: láti ọdún 1830 ni ìjọba Họ́láǹdì ti ní kí abúlé fi ìdá kan nínú márùn-ún ilẹ̀ rẹ̀ gbin ìrèké, ẹ̀lú àti irú ohun bẹ́ẹ̀ fún òun. Kì í sì í ṣe gbogbo Java ló ní omi. Ní Gunung Kidul, ilẹ̀ olókùúta ẹfun, ẹ̀gẹ́ ló gbà wọ́n. Wọ́n á bó o, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́ bí ẹni fẹ́ ṣe láfún, àmọ́ orí ooru omi ni wọ́n ti ń sè é di oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní tiwul.

Ohun tó ń mú abúlé dúró ni pé wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá bímọ, tí wọ́n gbéyàwó tàbí tí èèyàn kú, wọ́n á pe àwọn aládùúgbò wá sí slametan. Wọ́n á ṣe àdúà, wọ́n á jẹ díẹ̀, oníkálukú á sì di ìyókù oúnjẹ lọ fún ará ilé rẹ̀. Wọ́n ní àjọ tí wọ́n ń pè ní arisan, tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń dá owó kan náà, tí ẹnì kan á sì kó o lẹ́ẹ̀kan náà. Àjọra yìí kò pamọ́ fún àwọn onímọ̀: William Bascom kọ̀wé lórí èsúsú Yorùbá lọ́dún 1952, Clifford Geertz sì kọ ti arisan lọ́dún 1962. Èdè wọn náà kún fún ọ̀wọ̀. Ngoko ni fún ẹgbẹ́ àti ọmọdé, krama ni fún àgbà. Tiwa rọrùn, “o” àti “ẹ” ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Tiwọn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún jíjẹun, lílọ àti ilé pàápàá á yí padà.

Síbẹ̀, ìrànlọ́wọ́ kò lè sọ ilẹ̀ di púpọ̀. Láti ọdún 1905 ni wọ́n ti ń kó ará Java lọ sí Lampung ní erékùṣù Sumatra, kí wọ́n lè rí ilẹ̀ ro. Láàárín ọdún 1890 sí 1939, wọ́n kó àwọn mìíràn lọ ṣiṣẹ́ oko ní Suriname, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ọmọ wọn ṣì wà níbẹ̀ dòní. Nísinsìnyí, àwọn obìnrin ń lọ ṣe iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní Hong Kong, Taiwan àti Malaysia, àwọn ọ̀dọ́ ń lọ sí ilé iṣẹ́ ní ìlú ńlá. Ilé bíríkì tuntun tí ẹ bá rí lábúlé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ owó wọn. Ìgbà ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń padà wálé kí òbí, títì á sì kún fọ́fọ́.

Àwọn tó kù nílé ń jà lórí ìwọ̀nba ilẹ̀ tó wà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2016, obìnrin àgbẹ̀ mẹ́sàn-án láti agbègbè òkè Kendeng, ní àárín gbùngbùn Java, jókòó síwájú ààfin ààrẹ ní Jakarta, sìmẹ́ńtì sì gan mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ nínú àpótí. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì kan ló fẹ́ wa òkúta òkè náà, òkúta yìí ló sì ń fa òjò mu tó ń tú u sílẹ̀ fún oko wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá wọn láre. Kó tó pé oṣù márùn-ún sí i, gómìnà ti buwọ́ lu ìwé àṣẹ tuntun fún ilé iṣẹ́ náà, àwọn àgbẹ̀ náà sì padà sí Jakarta ní oṣù kẹta ọdún 2017, wọ́n tún ti ẹsẹ̀ bọ inú sìmẹ́ńtì.