Stephen Keshi: ó gba ife nínú pápá, ó tún gbà á létí pápá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ lábẹ́ gbogbo póòsì pé òyìnbó nìkan ló mọ iṣẹ́ kóòṣì, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú méjì péré. 🧵

Azare ni wọ́n bí Keshi sí ní 1962, àmọ́ ọmọ Illah, ìpínlẹ̀ Delta, ni. Ẹ̀yìn ló ń gbá. New Nigeria Bank ní Benin ló wà kí àjọ bọ́ọ̀lù wa tó fòfin dè é ní 1985. Ó bá kọrí sí Abidjan, ibẹ̀ ló gbà dé Belgium, tó fi wọ Anderlecht. Ní 1994, òun ni kápútẹ́nì wa nígbà tá a na Zambia 2-1, tá a gba AFCON ní Tunisia.

Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwa ará Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun: ọ̀tọ̀ ni kéèyàn mọ ìlù lù, ọ̀tọ̀ ni kó mọ̀ ọ́n kọ́ ọmọ.

Keshi mọ̀ ọ́n kọ́. Togo ò dé Ife Àgbáyé rí, òun ló bá wọn já a gbà fún 2006. Wọ́n ṣáájú Senegal nínú ìsọ̀rí wọn o! Adebayor (ẹ gbọ́ orúkọ, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lomé) nìkan gbá góòlù 11 wọlé. Lẹ́yìn náà ni òun àti Keshi fa wàhálà, Togo fìdí rẹmi ní AFCON ní Íjíbítì, wọ́n sì lé Keshi. Otto Pfister, ará Jámánì, ló kó wọn lọ sí Ife Àgbáyé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbá, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n nà wọ́n. Mi ò rẹ́rìn-ín o.

2011 la pè é wálé. February 10, 2013, ní Johannesburg, Sunday Mba, tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé níbí, gbá ẹyọ kan sáwọ̀n Burkina Faso. Ó tán! Yàtọ̀ sí El-Gohary ti Íjíbítì, kò sẹ́ni tó tíì gba ife yẹn gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣáájú rẹ̀.

Ọjọ́ kejì gan-an ló sọ lórí rédíò pé òun fiṣẹ́ sílẹ̀, torí bí àjọ bọ́ọ̀lù ṣe ń ṣe sí i. Wọ́n ní láti bẹ̀ ẹ́. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n jẹ ẹ́ lówó oṣù mélòó kan. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gba ife wálé!

December 2015 ni ìyàwó rẹ̀ kú. June 8, 2016, òun náà tẹ̀ lé e, ní Benin, lẹ́ni ọdún 54. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára pápá ìṣeré Asaba báyìí.