Ìyípadà Nínú Ohun Tí Àwọn Olólùfẹ́ Ọkọ̀ Ń Fẹ́ Kà: Àwọn Ìwé Ìròyìn Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1895

Èrò tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn àgbà olólùfẹ́ ọkọ̀ ni pé ìwé ìròyìn ọkọ̀ ti àtijọ́ kún fún ìmọ̀, àti pé ti ìkẹyìn kò ju àwòrán àti àríyá lọ. Lójú wọn, ṣe ni ìfẹ́ òǹkàwé ń rẹlẹ̀ láti ìran dé ìran. Àpilẹ̀kọ yìí kò fara mọ́ èrò náà. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé ìbéèrè kan náà ni àwọn òǹkàwé ń béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀: ta ni ó lè sọ òtítọ́ nípa ọkọ̀ fún ẹni tí kò ní àǹfààní láti dán an wò fúnra rẹ̀? Ibi tí wọ́n ti ń wá ìdáhùn ni ó ń yí padà. Ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni ó sì ń yí i padà. Òfin, ogun, owó epo àti ìpolówó ọjà wà níbẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Amẹ́ríkà yóò wọ inú rẹ̀ ní ibì kan péré, nítorí pé ìṣẹ̀lẹ̀ kan níbẹ̀ là wá lójú ju ti ibòmíràn lọ.

Ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 1895 ni The Autocar kọ́kọ́ jáde ní ìlú Coventry, láti ilé ìtẹ̀wé Iliffe. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó wà ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà kò tó nǹkan. Òfin ọdún 1865 ṣì ń ṣiṣẹ́, èyí tí ó pàṣẹ pé ohun ìrìnnà oníẹ̀rọ kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 4 lọ ní wákàtí kan ní ìgbèríko, tàbí máìlì 2 nínú ìlú, kí ẹnìkan sì máa fẹsẹ̀ rìn níwájú rẹ̀. Ó di 1896 kí òfin tuntun tó tú ìdè yìí. Nítorí náà, púpọ̀ nínú àwọn òǹkàwé àkọ́kọ́ kì í ṣe onímọ́tò rárá. Ẹni tí ń retí mọ́tò ni wọ́n. Alágbàwí ni wọ́n ń wá, kì í ṣe onídàájọ́.

Henry Sturmey, olóòtú àkọ́kọ́, ti ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó tún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùdarí ilé iṣẹ́ Daimler. Ní 1897 ó wa ọkọ̀ Daimler láti John o' Groats ní ìpẹ̀kun àríwá Scotland dé Land's End ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lápá gúúsù. Bí a bá fi ojú òde òní wò ó, ẹni tí ó ń ta ọjà ni ó tún ń jẹ́rìí sí ọjà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bóyá Daimler sàn ju ọkọ̀ mìíràn lọ ni àwọn òǹkàwé ìgbà náà fẹ́ mọ̀, bí kò ṣe bóyá ọkọ̀ kankan tilẹ̀ lè rin irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́rìí tí ó ní ìpín nínú ọjà náà tó fún irú ìbéèrè yẹn.

Kò pẹ́ tí ìbéèrè náà fi yàtọ̀. Ní 1902 John Montagu, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, dá The Car Illustrated sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́lá tí ó ní awakọ̀ tí ń wa ọkọ̀ fún wọn. Ní 1903 The Motor gba orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn akọ̀wé, olùkọ́ àti oníṣòwò kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọkọ̀, tí wọ́n sì ń wà á fúnra wọn. Àṣìrà kan lè gbé owó ọdún méjì lọ. Àwọn wọ̀nyí ni ìdánwò ojú pópó tí The Autocar bẹ̀rẹ̀ ní 1928 wúlò fún jù: bí ọkọ̀ ṣe yára tó, bí bíréèkì rẹ̀ ṣe mú tó, iye epo tí ó ń jẹ, gbogbo rẹ̀ ní òǹkà. Òǹkà dàbí ohun tí kò lè purọ́. Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ tí ó yá ìwé ìròyìn ní ọkọ̀ ni ó tún ń ra ojú ewé fún ìpolówó, àlejò kì í sì í jẹ ọbẹ̀ olóńjẹ tán kí ó wá kéde pé iyọ̀ ti pọ̀ jù. Àwọn òǹkàwé mọ èyí. Wọ́n kọ́ bí a ti ń ka ohun tí a kò kọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yí padà pátápátá ni àkókò Ogun Àgbáyé Kejì, ìwé tí ó sì gbé ìyípadà náà ni Motor Sport. Brooklands Gazette ni orúkọ rẹ̀ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1924, nítorí pápá eré ìje Brooklands. Ó di Motor Sport ní 1925. William Boddy di olóòtú rẹ̀ ní 1936, kò sì fi ipò náà sílẹ̀ títí di 1991. Ogun bẹ́ ní 1939, Brooklands ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kò sì tún ṣí i mọ́ fún eré ìje. Ní 1942 ìjọba dá ìpín epo pẹtiróò dúró fún àwọn tí ń wa ọkọ̀ fún fàájì. Ìwé ìròyìn eré ìje wà, eré ìje kò sí. Olólùfẹ́ ọkọ̀ wà, ọkọ̀ rẹ̀ wà lórí búlọ́ọ̀kù nínú gáréèjì. Ohun tí Boddy ṣe ni pé ó yí sí àwọn òǹkàwé, kí wọ́n kọ ìtàn àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti ní rí. Àwọn ìtàn náà jáde lábẹ́ àkọlé kan náà, láti ọwọ́ ológun àti aráàlú. Wọn kò ní ọjà láti tà. Wọ́n sọ ọkọ̀ tí ó dára ní dídára, èyí tí ó já wọn jù sílẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rí onímọ́tò ti di ohun tí a lè gbé lé òdìwọ̀n pẹ̀lú òǹkà àwọn adánwò, tí ọkọ̀ àtijọ́ sì di kókó ọ̀rọ̀ tí ó yẹ fún kíkà.

Ẹlẹ́rìí mìíràn nínú ìwé kan náà ni Denis Jenkinson. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 1955 ó jókòó ti Stirling Moss nínú Mercedes-Benz 300 SLR ní eré Mille Miglia ní Ítálì, ó ń ka àlàyé ọ̀nà láti orí bébà gígùn tí ó ká sínú àpótí kékeré, ó sì ń fi ọwọ́ ṣe àmì fún awakọ̀. Wákàtí 10, ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú àáyá 48 ni wọ́n fi gba ipò kìíní. Ìròyìn rẹ̀ nínú Motor Sport ti oṣù Kẹfà kì í ṣe ti ẹni tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Ní 1962 Ẹgbẹ́ Àwọn Oníbàárà, tí ń tẹ Which?, bẹ̀rẹ̀ ìwé tirẹ̀ lórí ọkọ̀. Wọ́n ń fi owó ra ọkọ̀ tí wọ́n ń dán wò, wọn kì í sì í gba ìpolówó. Ọdún yẹn náà ni Small Car bẹ̀rẹ̀, tí ó di Car ní 1965, tí ó ń fi ọkọ̀ wé ọkọ̀, tí ó sì ń dárúkọ èyí tí ó fìdí rẹmi. Ohun tí òǹkàwé fẹ́ báyìí ni ìdájọ́.

Ìdájọ́ ẹ̀wẹ̀ lè ṣini lọ́nà. Ní Amẹ́ríkà, Car and Driver ti oṣù Kẹta 1964 gbé àwòrán Pontiac GTO àti Ferrari GTO sí ẹ̀yìn ìwé, bí ẹni pé àwọn méjèèjì ń du eré. Wọn kò pàdé rí. Àwòrán ni a yà. Òǹkà tí ìwé náà tẹ̀ fún Pontiac ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Àṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ni ó wà: ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Jim Wangers, ẹni tí ó ń polówó Pontiac, sọ ọ́ ní gbangba pé ẹ́ńjìnnì 421 ni ó wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n dán wò, èyí tí ó tóbi ju 389 tí àwọn òǹkàwé rò lọ. Òǹkà tí 1928 gbé kalẹ̀ bí ààbò ti di aṣọ tí ìpolówó ń wọ̀.

Ní 1973 epo wọ́n, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dín eré ọkọ̀ kù sí máìlì 50 fún ìgbà díẹ̀, Thoroughbred & Classic Cars sì bẹ̀rẹ̀. Practical Classics tẹ̀lé e ní 1980, Classic & Sports Car ní 1982. Àwọn kan pe èyí ní àárò ìgbà èwe. Ìyẹn kò tó láti ṣàlàyé rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró tàbí ti kógbá wọlé. Kò sí ẹni tí yóò bínú bí a bá sọ pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń dípẹtà. Fún sáà díẹ̀, òtítọ́ rọrùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó ọkọ̀ àtijọ́ ga sókè ní ìparí ọdún 1980 sí 1989, àwọn aláròóbọ̀ àti oníṣòwò gbàǹjo ni ó wá kún ojú ewé ìpolówó, ọ̀rọ̀ àtijọ́ sì tún bẹ̀rẹ̀.

Max Power, tí ó jáde láti 1993 títí di 2011, ni ìwé tí àwọn àgbà fi ń ṣe àpẹẹrẹ ìrẹ̀sílẹ̀. Ó kún fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó tún ọkọ̀ kéékèèké ṣe, rédíò aláriwo àti àwòrán obìnrin tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọkọ̀. Apá ìkẹyìn yìí kò ní àwáwí. Ṣùgbọ́n bí a bá mú un kúrò, ohun tí ó kù kò jìnnà sí ti Boddy: òǹkàwé, ọkọ̀ tirẹ̀, ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sí i, àti iye tí ó ná an.

Ní Beaulieu, lórí ilẹ̀ ìdílé Montagu tí ó dá The Car Illustrated sílẹ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ àtijọ́ kan ti ń wáyé láti 1967. Láàrin àwọn fìtílà àti kabúrétọ̀ ni a ti ń ta àwọn ẹ̀dà The Autocar àti The Motor tí ó ti gbó. Àwọn tí ń tún ọkọ̀ ṣe ń rà wọ́n fún ìdánwò inú wọn, àti fún ìpolówó tí ó kọjú sí i pẹ̀lú, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti lè rí bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe fìtílà àti ìjókòó ọkọ̀ náà ní ọdún tí ó jáde.