Bí Ìmọ́lẹ̀ Ṣe Ń Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Mákúrì

“120 lórí 80” tí nọ́ọ̀sì máa ń kà jáde nígbà tó bá wọn ìfúnpá wa, mìlímítà mákúrì ni. Ọ̀dọ̀ ará Ítálì kan, Evangelista Torricelli, ni òdiwọ̀n yìí ti ṣẹ̀ wá. Ní nǹkan bí ọdún 1643, ní ìlú Florence, wọ́n rọ mákúrì kún ọ̀pá gíláàsì, wọ́n dojú rẹ̀ dé inú àwo mákúrì. Ti inú ọ̀pá wálẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń tẹ ojú àwo ló gbé e ró. Ní etí òkun, á ga tó nǹkan bíi mìlímítà 760. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí gáàsì ṣe ń tẹ nǹkan tó, mákúrì ló ń bi.

Ọ̀pá náà kàn ń tóbi sí i ni. Èyí tí NIST, àjọ òdiwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà ní Gaithersburg, fi ń yẹ irinṣẹ́ àwọn ẹlòmíì wò ga tó nǹkan bíi mítà 3, mákúrì inú rẹ̀ sì tó kílógíráàmù 250. Májèlé sì ni mákúrì. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2013 láti dín ìlò rẹ̀ kù, orúkọ Minamata ló ń jẹ́, ìlú kan ní Japan tí ẹja tí mákúrì ti bà jẹ́ pa àwọn ènìyàn rẹ̀.

Síbẹ̀, ó ti lé ní igba ọdún tí wọ́n ti mọ ohun tó lè rọ́pò rẹ̀. Ní 1806, àwọn ọmọ Faransé méjì, Biot àti Arago, fi gáàsì sínú gíláàsì onígun mẹ́ta tí inú rẹ̀ ṣófo, wọ́n sì rí i pé bí gáàsì ṣe ń ki tó ni ìmọ́lẹ̀ ń tẹ̀ tó. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú gáàsì kọjá dà bí ẹni tó ń gba àárín ọjà kọjá: bí èrò bá ṣe pọ̀ tó ni ìrìn rẹ̀ ń falẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n ìfàsẹ́yìn náà kéré. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí kò dín ìyára ìmọ́lẹ̀ kù ju nǹkan bí ìdá 3 nínú 10,000 lọ. Jules Jamin ní 1856, àti Lord Rayleigh lẹ́yìn rẹ̀, ṣe irinṣẹ́ tó lè rí i. Charles Fabry àti Alfred Perot wá fi jígí méjì kọjú síra, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa lọ kó máa bọ̀ láàárín wọn. Kò tíì sí lésà nígbà yẹn. Ọdún 1960 ló dé.

Lójú tèmi, ìṣirò ló pẹ́ jù. Ìmọ́lẹ̀ á sọ bí gáàsì ṣe ki tó, ṣùgbọ́n kí èyí tó di ìfúnpá, a gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ àti nọ́ńbà Boltzmann, èyí tó so ìwọ̀n ìgbóná pọ̀ mọ́ agbára. Ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 2019 ni wọ́n fi nọ́ńbà náà múlẹ̀, 1.380649 × 10⁻²³, láìsí iyèméjì kankan mọ́. Hílíọ́mù ló parí iṣẹ́: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì péré ló wà nínú átọ́ọ̀mù rẹ̀, nítorí náà àwọn onímọ̀ físíìsì lè fi ìṣirò nìkan mọ bí yóò ṣe fa ìmọ́lẹ̀ sẹ́yìn tó.

Irinṣẹ́ tí NIST ṣe láti máa fi ìmọ́lẹ̀ wọn ìfúnpá kò ju ohun tí ènìyàn lè gbé sórí tábìlì lọ. Ọ̀nà méjì ló wà nínú gíláàsì kan ṣoṣo, jígí sì wà lẹ́nu wọn: òfìfo ni ọ̀kan, gáàsì ń wọ èkejì. Lésà ń gba inú méjèèjì, ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín wọn ni wọ́n ń kà.

Ìṣòro kò tán. Gáàsì tí wọ́n fẹ́ wọ̀n ń fún gíláàsì náà pọ̀ díẹ̀, ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ á sì kúrú. Bí ìwọ̀n ìgbóná bá yẹ̀ ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún dígírì, èsì á yẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 3 nínú mílíọ̀nù. Hílíọ́mù tí gbogbo ìṣirò gbára lé sì ń yọ́ wọnú gíláàsì, tí gíláàsì á máa gùn sí i. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń fi hílíọ́mù yẹ irinṣẹ́ náà wò, kí wọ́n tó lo náítírójìn fún iṣẹ́ ojoojúmọ́.